Ìtàkùn Tó Pá Nídìí

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lọ́nà Ìjẹ̀ṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó sì ń tọ́jú ìtàkùn kan nínú pálọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ìtàkùn tí à ń jẹ. Òun ni èyí tí àwọn ará ìlú ńlá ń pè ní pótọ́ọ̀sì, tí ewé rẹ̀ jọ ewé iyèré, tí àwọ̀ ìyeyè sì ta sí i lára bí ẹni wọ́n epo sórí iṣu. Ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́ á máa họ ẹnu mọ́ ògiri. Ẹwà lásán ni wọ́n ń gbìn ín fún, kò sì sí ohun tó burú nínú kí èèyàn gbin nǹkan nítorí ẹwà.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló fún un ní ẹ̀ka kékeré kan nínú agolo mílíìkì lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ìbíwùmí, ló wá ìkòkò fún un, ló sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà tó wọ ilé ìdáná. Àga obìnrin náà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ ló ti máa ń gbọ́ rédíò, ibẹ̀ náà ló ti máa ń dìde bí àlejò ọkọ rẹ̀ bá fẹ́ mu omi.

Àlejò sì pọ̀. Ọkùnrin yìí, ẹni ire ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí tọkọtaya bá jà ní òpópónà wọn, òun ni wọ́n ń pè. Bí àwọn onílé àdúgbò bá fẹ́ tún iná ṣe, òun ni alága wọn. Ìjọ yàn án, àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé-ìwé yàn án, ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú náà yàn án. Bó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, kò sì sí òwe tó dùn mọ́ ọn létí tó ìyẹn. Nígbà tó bá fi máa jókòó jẹun lálẹ́, ohùn rẹ̀ ti há. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń bá a sọ̀rọ̀, á mi orí, á ní, "Mò ń gbọ́ ọ." Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìtàkùn náà kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Kọ̀rọ̀ yẹn ṣókùnkùn díẹ̀, ojú fèrèsé lọ́ọ̀ọ́kán ni ìmọ́lẹ̀ wà, ewéko ò sì ní sùúrù fún òkùnkùn. Ọkùnrin náà kan ìṣó mọ́ ògiri, ó ń fi òwú so ó mọ́ ọn bó ṣe ń gùn. Ó gba orí ilẹ̀kùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wọn, ó gba òkè àga àwọn àlejò, ó dé ojú fèrèsé, ó wá tú ewé yàà síbẹ̀, ewé tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó bá wọlé, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò. "Alága, ẹ̀yin nìkan lẹ ní irú èyí nílùú yìí." Orí ọkùnrin náà á wú. Ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìtàkùn náà yóò yí pálọ̀ po, tí yóò fi padà wá bá ìkòkò rẹ̀. Ògiri kan péré ló kù.

Wọ́n ní ọmọ kan ṣoṣo, Ìbíwùmí, tó ń gbé Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó wá kí wọn lọ́dún, ó rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń jókòó ní kọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ wá máa bá wa gbé. Ó kéré tán, àwọn ọmọ á máa bá yín sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá lára. Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ó tún sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbíwùmí, ọmọ ní kí n wá sí Ìbàdàn. Mo rò pé màá lọ. Mi ò mọ̀ bóyá màá padà." Ọkọ ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀." Fóònù ló wà létí rẹ̀ kejì. Obìnrin náà dá a rò pé bí ọdún Àjíǹde bá ti kọjá, òun á máa lọ, lílọ tí kò ní bíbọ̀ nínú. Ó kàn jẹ́ pé kò pariwo rẹ̀ nílé.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí já. Àwọn tó wà lójú fèrèsé ò ṣe nǹkan kan o. Nídìí ni, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá. Ọ̀kan pọ́n, ó já. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ rárá, láti ẹnu ìkòkò títí dé orí ilẹ̀kùn, ìtàkùn náà di okùn lásán, ó pá bí orí àgbàlagbà.

Ọkùnrin náà ní ìtọpinpin. Ohun tó bá rú u lójú kì í jẹ́ kó gbádùn. Kí ló dé tí orí rẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀ tí ìdí rẹ̀ ń kú? Ó bẹ̀rẹ̀ sí bi àwọn àlejò. Ó bi akọ̀wé àwọn onílé. Akọ̀wé ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ni ọkùnrin yìí bá ń bomi rin ín láràárọ̀, títí omi fi ń kán láti ìdí ìkòkò sórí àga ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó sún àga sẹ́yìn díẹ̀. Ewé túbọ̀ ń pọ́n, nítorí pé ìtàkùn yìí, bí ilẹ̀ rẹ̀ ò bá ráyè gbẹ díẹ̀ kí omi mìíràn tó dé, gbòǹgbò rẹ̀ á rà.

Ó bi ọ̀kan nínú àwọn alàgbà ìjọ. Alàgbà wo ewé títí, ó ní ara rẹ̀ ló funfun bí ara ọmọ tí wọn ò fi nǹkan pa. Èyí bá ọkùnrin náà lára mu. Ṣé kì í ṣe òrí ni ìyá òun fi pa òun dàgbà? Ó ra òrí, ó yọ́ ọ, ó gun àpótí, ó ń pa ìtàkùn lára, ewé kan tẹ̀ lé èkejì, ó ń kùn sí i lábẹ́ ahọ́n bí ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo pálọ̀ ń dán. Lọ́jọ́ kejì ni eruku ọyẹ́ dé, ó lẹ̀ mọ́ òrí, àwọn ewé náà wá rí bí ẹja tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun. Ìyàwó rẹ̀ ló fi aṣọ tútù nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ ò rí ìyẹn. Wọ́n ti pè é síta.

Ẹlòmíràn ní ojú ayé ló ń jà á, pé kó ta aṣọ bò ó. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ta aṣọ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, kó má baà jẹ́ pé òun ni kò gbìyànjú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sú u. Ó ní bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀ ọ́n, òun á jókòó ti ìdí rẹ̀, òun á fi ojú ara òun ṣọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin. Ó lọ jókòó sórí àga obìnrin náà ní kọ̀rọ̀.

Ó yà á lẹ́nu bí àga náà ṣe kúrú tó. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọ ilé yẹn, kò tíì jókòó síbẹ̀ rí. Ó gbójú sókè wo ìtàkùn. Ohun tó rí ni okùn pípá, ìṣó, àti òwú tó ti dọ̀tí. Ewé tí gbogbo ìlú ń yìn, láti orí àga yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ lásán lèèyàn ń rí, torí pé ìta ni wọ́n kọjú sí. Ó wo ọ̀ọ́kán. Ẹ̀yìn àga àwọn àlejò ló rí. Ó wá ń ṣe kàyéfì: kí ni obìnrin yìí máa ń wò látàárọ̀?

Ibi tó ti ń rò ó ni akọ̀wé àwọn onílé àti ẹnì kejì rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n wọlé bí wọ́n ṣe máa ń wọlé. Wọ́n ní, "Ẹ kúulé o," wọ́n kọjá tààrà sí ojú fèrèsé, wọ́n jókòó, wọ́n kẹ̀yìn sí kọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà la ẹnu láti dáhùn, ó tún pa á dé. Ìtọpinpin ló mú un. Ó fẹ́ mọ ohun tí ẹni tó bá wà ní kọ̀rọ̀ yẹn máa ń gbọ́.

Akọ̀wé ò tilẹ̀ yíjú padà. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bu omi díẹ̀. Ṣé alága ti jáde ni?"

Kí ni kó ṣe? Ó dìde, ó rọra wọ ilé ìdáná. Kò mọ ibi tí ife wà. Ó ṣí ibì kan, ìkòkò ló bá níbẹ̀. Ó ṣí ibòmíràn, gàrí ni. Nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nìyẹn o. Ibi tó ti ń wá ife kiri ló ti gbọ́ tí ẹnì kejì ń sọ fún akọ̀wé pé, "Ẹ jẹ́ ká tètè máa kọ́ bí a ṣe ń bu omi fúnra wa. Ìyá náà ò ní pẹ́ lọ."

Akọ̀wé ní, "Lọ síbo?"

"Ìbàdàn, lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Ìyàwó mi ní lílọ pátápátá ni. Àwọn obìnrin ìjọ ti gbàdúrà fún wọn."

"Alága ò sọ fún mi."

"Bóyá wọn ò fẹ́ ká dá sí i ni. Ẹ kúkú mọ̀ pé àwọn ló ń parí ìjà fún gbogbo wa."

Ọkùnrin náà ti rí ife nígbà yẹn, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Mo ní ẹ̀rù bà á, torí pé ó rántí pé òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìbàdàn yìí níbì kan rí, bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ rédíò aládùúgbò láti inú yàrá. Àwọn ará ìta ti mọ̀ pé ìyàwó òun fẹ́ fi òun sílẹ̀. Òun tí wọ́n sọ ọ́ fún ní ojúkojú, òun ni kò mọ̀.

Ó gbé omi jáde. Nígbà tí àwọn méjèèjì yíjú, tí wọ́n rí ẹni tó gbé àwo dání, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní kí wọ́n dìde. Ó ní kí wọ́n mu omi wọn, kí wọ́n sì máa lọ, òun ò ní lè ṣe ìpàdé lónìí.

Nígbà tí Ìyá Ìbíwùmí dé, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àga tirẹ̀. Ó rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. "Bàbá Ìbíwùmí, kí ló dé?" Ọkọ dìde fún un, ó wọ́ àga òun náà wá sí kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ló wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì í, ó bá ṣẹ́rí sí ọ̀rọ̀ ìtàkùn, bí àwa ọkùnrin ṣe máa ń ṣe.

Ó ní, "Kí lo rò pé ó ń ṣe nǹkan yìí?"

Obìnrin náà wò ó. "Èmi lẹ̀ ń bi?"

"Ìwọ ni mò ń bi."

"Ẹ ti bi akọ̀wé. Ẹ ti bi alàgbà. Èmi tí mò ń jókòó tì í, ẹ ò bi mí."

"Mi ò bi ọ́," ni ọkùnrin náà wí. "Ó yẹ kí n bi ọ́."

Obìnrin náà tú gèlè rẹ̀, ó jókòó. Ó ní, "Kò sí àrùn kankan lára rẹ̀. Gbogbo agbára rẹ̀ ló ti gbé lọ sí ojú fèrèsé. Lóko bàbá mi, bí ìtàkùn ọ̀dùnkún bá ṣáko lọ báyìí, a máa ń gé orí rẹ̀, a ó gbìn ín padà sínú ebè. Mi ò lè búra pé tiyín á gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti wo àwọn oríkèé rẹ̀. Nǹkan kékeré kan wà lára wọn tó yọ bí eyín ọmọdé. Gbòǹgbò ló jọ lójú mi."

"Ibo la máa gé?"

"Ibi tó dára jù náà ni. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà."

"Ògiri kan péré ló kù kó yí pálọ̀ po."

"Mo mọ̀."

Ọkùnrin náà mú ọ̀bẹ, ó dúró lójú fèrèsé, ọ̀bẹ ò ṣe é gbé sókè. Má fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá ní ohun tí ìlú fi ń mọ̀ ọ́n kò lè mọ bí ọ̀bẹ yẹn ṣe wúwo tó. Nígbà tó ṣe, ó gé e. Ojú fèrèsé ṣófo.

Obìnrin náà gba èyí tó gé lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún gé e sí wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀ oríkèé, ó kì wọ́n bọ inú ìgò omi, ó sì kó wọn sójú fèrèsé. Ó ní kí ewé má kan omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á rà. Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin yìí bá ti jí, ìdí ìgò ló ń lọ. Ìyàwó á bá a níbẹ̀. Wọ́n á gbé ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á máa wò ó. "Ṣé èyí kọ́ ni?" "Ìdọ̀tí omi nìyẹn, ẹ fara balẹ̀." Nígbà tí òwú funfun àkọ́kọ́ yọ lára oríkèé kan, àwọn méjèèjì pariwo bí ẹni tí ọmọ wọn gbéṣẹ̀ nílẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ omi ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti ń jáde. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti mọ̀ pé ìyàwó òun ò fẹ́ràn rédíò. Ó kàn máa ń tàn án kí ohùn èèyàn lè wà nínú ilé. Ọ̀rọ̀ yìí dun ọkùnrin náà dé egungun. Ó dìde, ó lọ pa rédíò náà, ó padà wá jókòó.

Àwọn àlejò dé, wọ́n wo ojú fèrèsé, wọ́n bá a kẹ́dùn. "Alága, ta ló ṣe irú èyí fún yín?" Á ní, "Èmi ni." Ó lọ gbé ipò alága àwọn onílé kalẹ̀, ó lọ gbé ti ẹgbẹ́ ilé-ìwé kalẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n tún pa òwe ọjà àti orí ọmọ tuntun fún un. Ó ní ọjà yẹn ti ní àgbà mìíràn nísinsìnyí.

Nígbà tí gbòǹgbò tó, wọ́n jọ gbin àwọn ẹ̀ka náà padà sínú ìkòkò kan náà, yí ká ìdí ìyá wọn. Ìkòkò kún. Èyí tó wá ya ọkùnrin náà lẹ́nu jù ni okùn pípá yẹn, tó ti rò pé ó ti kú. Bí wọ́n ti gé orí rẹ̀ kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ̀mùnú láti oríkèé kọ̀ọ̀kan, lókè orí àga obìnrin náà gan-an.

Àjíǹde dé, ó sì kọjá. Ọkùnrin náà kò lè sá fún ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó ní, "Ìyá Ìbíwùmí, Ìbàdàn yẹn, ṣé wàá lọ?"

"Mo ti ṣèlérí fún ọmọ."

Ọkùnrin náà ní, "Ṣé wàá padà wá?"

Obìnrin náà ò dá a lóhùn kíákíá, kò sì yẹ kó dá a lóhùn kíákíá. Ó nawọ́ sínú ìkòkò, ó fi ìka kan ilẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní, "Ilẹ̀ yìí ṣì tutù. Ẹ má bomi sí i títí màá fi dé."

Ìwọ ni mo pa àkàwé yìí fún, ọ̀rẹ́ mi. O wá bá mi láàárọ̀ yìí pé wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe alága ẹgbẹ́ mìíràn, pé kí n bá ọ gbàdúrà sí i. Mo gbọ́. Kí èèyàn tàn kálẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Ọlọ́run ò dá ìtàkùn kó káwọ́ gbera jókòó sínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo wá sílé rẹ lọ́jọ́sí, ìyàwó rẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wa, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ìtàn ìjà tí o bá àwọn ẹlòmíràn parí ni o ń sọ fún mi, o ò gbójú sókè. Èmi ni mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó padà wọlé.

Nítorí náà, mi ò ní gba àdúrà kankan lónìí. Máa lọ sílé. Gbé àga rẹ lọ sí ibi tí ìyàwó rẹ máa ń jókòó, kí o sì bi í ní ohun tó ń rí láti ibẹ̀. Bó bá dá ọ lóhùn, padà wá, ká jọ wò ó bóyá àyè ẹgbẹ́ tuntun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Bí kò bá dá ọ lóhùn, má wá o. Jókòó síbẹ̀ títí yóò fi dáhùn.